Eré Orí Rédíò àti Lẹ́tà Àwọn Olùgbọ́ Rẹ̀

 

Gbogbo wa ni a mọ rédíò. Àwọn àgbà wa fún un ní orúkọ kan tí ó bá a mu gan-an: Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Bí inú yín bá dùn sí ohun tí ó sọ, kò mọ̀. Bí ẹ bá bínú sí i, kò gbọ́. Ẹ lè pariwo mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa sọ lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè fún rédíò lésì? Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ ka ìtàn eré kan tí wọ́n ṣe lórí rédíò ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ọdún 1938. A ó rí bí àwọn olùgbọ́ ṣe gbà á, a ó sì rí èsì tí wọ́n fọ̀. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ó wà nínú eré náà ni kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dúró lé.

1. Àwọn tí ó ṣe eré náà

Ọ̀gá àwọn òṣèré náà ni Orson Welles. Ọmọ ọdún 23 péré ni nígbà náà. Òun àti John Houseman ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré kan sílẹ̀ ní New York, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mercury Theatre. Láti oṣù keje ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe eré lórí rédíò CBS. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń mú ìwé ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ọ́ di eré. Èyí tí à ń wí yìí ni eré wọn kẹtàdínlógún.

Ìwé tí wọ́n mú lọ́sẹ̀ náà ni The War of the Worlds. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ H. G. Wells ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 1898. Ẹ kíyè sí i: Wells ni òǹkọ̀wé, Welles ni òṣèré. Orúkọ wọn jọra létí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí.

Ìwé náà jẹ́ irú ìtàn tí à ń pè ní àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń mú ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ̀, yóò wá bi ara rẹ̀ pé, “Bí ó bá wá rí báyìí ńkọ́?” Ẹ wò ó: Máàsì wà lóòótọ́. A lè rí i lálẹ́ bí ìràwọ̀ pupa. Òun náà ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ilé ayé wa ti ń yí i po. Wells wá bi ara rẹ̀ pé: bí àwọn ẹ̀dá kan bá ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n gbọ́n jù wá lọ, tí wọ́n sì fẹ́ wá gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni a ó ṣe? Ohun tí ó fi ṣe ìtàn nìyẹn. Lónìí, àwọn ẹ̀rọ tí ọmọ ènìyàn rán lọ sí Máàsì ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọn kò bá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

2. Ohun tí ó wà nínú eré náà

Howard Koch ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré sọ. Nínú ìwé Wells, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ogun náà ti ṣẹlẹ̀. Nínú eré yìí, wọ́n gbé e wá sí abúlé kan tí ń jẹ́ Grover's Mill, ní ìpínlẹ̀ New Jersey tí ó bá New York pààlà. Abúlé náà wà lóòótọ́. Ẹni tí ń gbé nítòsí, tí ó bá gbọ́ orúkọ abúlé tí ó mọ̀, àyà rẹ̀ á já.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni èyí: wọn kò sọ ìtàn náà bí ìtàn. Bí ìròyìn ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Agogo mẹ́jọ alẹ́ Sunday ni eré bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèré náà àti orúkọ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Lẹ́yìn èyí, orin ijó ni à ń gbọ́. Orin ń lọ jẹ́jẹ́. Lójijì, ẹnìkan dá orin náà dúró, ó ní ìròyìn dé: àwọn onímọ̀ rí i tí nǹkan ń bú gbàmù lójú Máàsì. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dá a dúró. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní nǹkan ńlá kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú oko kan ní Grover's Mill.

Oníròyìn kan dé ibẹ̀ nínú eré náà. Ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí: nǹkan náà rí bí àgbá irin, ọmọrí rẹ̀ ń yí, ó ṣí, ẹ̀dá kan yọjú. Iná tú jáde lára rẹ̀, ó ń jó ènìyàn. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu oníròyìn. Kẹ́kẹ́ pa. Fún ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohunkóhun nínú rédíò. Àwọn tí ó gbọ́ ọ sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó bani lẹ́rù jù lọ.

Òṣèré tí ó ṣe oníròyìn náà ń jẹ́ Frank Readick. Ṣáájú eré, ó ti lọ tẹ́tí sí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1937, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ńlá Jámánì kan, Hindenburg, gbiná ní New Jersey. Ó kọ́ bí ohùn ẹni tí ẹ̀rù bà ṣe ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ohùn tirẹ̀ náà fi dà bí òtítọ́.

Nínú ìyókù eré náà, àwọn ará Máàsì gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì fi èéfín olóró pa New York run. Ní ìgbẹ̀yìn, kì í ṣe ìbọn ni ó ṣẹ́gun wọn. Kòkòrò àìsàn tí ojú kò lè rí, tí ara àwa ọmọ ènìyàn ti mọ́, ni ó pa wọ́n. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ohun gbogbo ti parí. Welles fúnra rẹ̀ wá sọ pé eré ni, pé àwọn fi ń ṣe àríyá ọjọ́ kejì ni. Ọjọ́ kejì náà ni àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà máa ń wọ aṣọ bí iwin, tí wọ́n á máa dẹ́rù ba ènìyàn.

3. Bí àwọn olùgbọ́ ṣe gbà á

Ẹni tí ó wà nídìí rédíò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní wákàtí kan náà, ibùdó rédíò mìíràn ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan tí gbogbo ayé fẹ́ràn, eré Edgar Bergen àti ọmọláńgidi rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Àwọn kan yí rédíò wọn kiri lẹ́yìn tí àkókò díẹ̀ ti kọjá, wọ́n wá já lu ibi tí iná ti ń jó, tí ọmọ ogun ń kú. Wọn kò gbọ́ orúkọ ìwé. Wọn kò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèré. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni eré náà fi lọ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó tún dá sí i láti sọ pé eré ni.

Ẹ má sì gbàgbé irú àkókò tí ó jẹ́. Oṣù tí ó ṣáájú, ìyẹn oṣù kẹsàn-án 1938, ni Hitler olórí Jámánì fẹ́ gba apá kan ilẹ̀ Czechoslovakia, tí ogun ńlá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Lójoojúmọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń dá orin dúró láti sọ ìròyìn. Etí àwọn ènìyàn ti mọ́ ọn. Nítorí náà, àwọn kan tí ó gbọ́ eré yìí kò tilẹ̀ ronú kan Máàsì. Wọ́n ṣe bí Jámánì ni ó dé.

Onírúurú ni ìṣe àwọn olùgbọ́. Àwọn kan gbádùn eré náà, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ títí ó fi parí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bẹ̀rù. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n pe àwọn ẹbí wọn lórí tẹlifóònù. Ìwé ìròyìn New York Times sọ pé ní àdúgbò kan ní ìlú Newark, ìdílé tí ó ju ogún lọ sá jáde síta, wọ́n fi aṣọ tútù bo imú nítorí èéfín olóró. Kò sì sí èéfín kankan.

4. Ẹni tí ó wádìí àti ẹni tí kò wádìí

Ní Yunifásítì Princeton, tí kò jìnnà sí Grover's Mill, onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Hadley Cantril. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi bẹ̀rù tí àwọn mìíràn kò bẹ̀rù. Òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 135 lẹ́nu wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1940. Ó pín àwọn olùgbọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á.

Àwọn kìíní fi làákàyè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ọmọ ogun fi kóra jọ, tí wọ́n fi rìnrìn àjò, tí wọ́n jà, tí wọ́n sì kú tán? Kò lè rí bẹ́ẹ̀.” Àwọn mìíràn dá ohùn òṣèré mọ̀. Ọkàn wọn balẹ̀.

Àwọn kejì lọ wá ẹ̀rí níbòmíràn. Wọ́n yí rédíò sí ibùdó mìíràn, wọ́n bá a tí orin ń lọ. Wọ́n ní bí ayé bá fẹ́ parẹ́ lóòótọ́, gbogbo ibùdó ni yóò máa sọ ọ́. Àwọn mìíràn mú ìwé ìròyìn, wọ́n wo ojú ewé tí wọ́n tẹ ètò rédíò sí. Wọ́n kà á níbẹ̀ pé eré ni CBS fẹ́ ṣe ní agogo mẹ́jọ. Ẹ rí i bí ìwé kíkà ti gba ènìyàn lọ́wọ́ ìpayà! Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìròyìn ni ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn kẹta náà wádìí, ṣùgbọ́n wọn kò wádìí dáadáa. Ẹ̀rù ti wọ inú wọn ṣáájú. Ẹnìkan yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tí ọkọ̀ kún títì. Ó ní, “Ó ti dé! Gbogbo ènìyàn ń sá lọ.” Ẹlòmíràn yọjú, kò rí ọkọ̀ kankan. Òun náà ní, “Ó ti dé! Wọ́n ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́.” Ẹlòmíràn sì rí i pé àdúgbò òun wà bí ó ti máa ń wà. Ó ní ogun náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkọ̀ pọ̀, ẹ̀rù. Ọkọ̀ kò sí, ẹ̀rù. Nǹkan wà bó ṣe wà, ẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀rù bá ti gba ọkàn rẹ̀, ohunkóhun tí ó bá rí ni yóò sọ di ẹ̀rí.

Àwọn kẹrin kò wádìí rárá. Bí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n ti gbé ẹsẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́gbọ́n náà lè bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ojú máa ríran nínú ẹkún ni nǹkan.

5. Ohun tí ìwé ìròyìn sọ

Ilẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé e gẹ̀gẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́: gbogbo ìlú dàrú, ẹsẹ̀ kò gbèrò! Àwọn oníròyìn ká Welles mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò gba eré náà sí òtítọ́.

Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ káàkiri ayé ni pé gbogbo Amẹ́ríkà ni ó sá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Ẹ jẹ́ kí á wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ilé iṣẹ́ kan tí ń ka iye olùgbọ́ rédíò fi tẹlifóònù pe nǹkan bí 5,000 ilé. Nínú ilé 100, ilé 2 péré ni ó ń gbọ́ eré Welles. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé ìròyìn ni òun ń gbọ́. Cantril ní tirẹ̀ ṣírò pé ó kéré tán 6,000,000 ènìyàn ni ó gbọ́ ọ, pé nǹkan bí 1,200,000 nínú wọn ni àyà wọn já. Àwọn onímọ̀ kan tí ó wá lẹ́yìn sọ pé iye yìí pọ̀ jù, nítorí pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn eré náà kí wọ́n tó bi àwọn ènìyàn. Nígbà yẹn, ariwo ìwé ìròyìn ti wọ gbogbo etí. Àwọn kan bẹ̀rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú. Kò sì sí ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kú.

Kí ni ó dé tí àwọn ìwé ìròyìn fi pariwo tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ kan rí ìdí kan tí ó yẹ kí á mọ̀. Ní àkókò yẹn, owó ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣòwò tí ń san owó ìpolówó ọjà fún ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀ ti ń gbé owó náà lọ fún rédíò. Oníwèé ìròyìn ń fẹ́ kí ayé gbà pé rédíò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ń ròyìn ọ̀rọ̀ lè ní nǹkan tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

6. Èsì àwọn olùgbọ́

Ta wá ni ó fún wa ní ẹjọ́ kejì? Àwọn olùgbọ́ fúnra wọn ni. Wọ́n mú kálámù, wọ́n kọ lẹ́tà.

Àwọn kan kọ̀wé sí Welles. Àwọn kan kọ̀wé sí àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan bínú, wọ́n ní kí ìjọba fìyà jẹ ẹni tí ó dẹ́rù ba ọmọ àti ìyá. Àwọn mìíràn ní rárá o, kí ìjọba má ṣe fọwọ́ kan eré náà, nítorí pé bí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a lè gbọ́ àti ohun tí a kò lè gbọ́, ewu yẹn ju ewu Máàsì lọ. Àwọn kan ní eré náà ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí àwọn ti gbọ́ rí. Ohun ìyanu sì ni pé àwọn kan wà tí ẹ̀rù bà gan-an, síbẹ̀ tí wọ́n kọ̀wé láti yin Welles, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pegedé.

Àjọ náà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní oṣù kejìlá 1938, wọ́n ní àwọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Rédíò CBS ṣèlérí pé àwọn kò ní fi ohùn ìròyìn ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kan náà, ilé iṣẹ́ ọbẹ̀ inú agolo kan, Campbell, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ dà sí ti Campbell.

Lẹ́tà náà kò sọnù. Nǹkan bí 1,400 nínú èyí tí wọ́n kọ sí Welles wà ní Yunifásítì Michigan. Èyí tí ó ju 600 lọ, tí wọ́n kọ sí àjọ ìjọba, wà ní ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Òǹkọ̀wé kan, A. Brad Schwartz, jókòó ti nǹkan bí 2,000 lẹ́tà wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé jáde ní 2015. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé ni eré náà kò tilẹ̀ dẹ́rù bà. Ariwo ìwé ìròyìn ni ó da ọ̀pọ̀ wọn láàmú ju eré lọ.

Irọ́ lè ṣáájú fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn tí ó kọ lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ọba, wọn kì í ṣe ìjòyè. Ènìyàn bí èmi àti ìwọ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ìbá ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, òun ni ó wá jẹ́rìí lẹ́yìn ọdún 77.

7. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Quito

Ibòmíràn wà tí irú eré yìí ti kó bá ènìyàn. Ìlú Quito, olú ìlú Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 1949, Rédíò Quito ṣe ìtàn Máàsì yìí ní èdè Spéènì, wọ́n fi orúkọ àwọn ibi tí ó wà nítòsí Quito sínú rẹ̀. Ní tòótọ́, ènìyàn tú síta lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò sọ pé eré ni, ìbẹ̀rù yí padà di ìbínú. Wọ́n sọ iná sí ilé tí rédíò náà wà. Inú ilé kan náà ni ìwé ìròyìn El Comercio wà. Iná jó ilé náà, àwọn ènìyàn kú sínú rẹ̀.

Ẹ wò ó o. Ará Máàsì kò pa ẹnikẹ́ni ní Quito. Ìbínú àwọn tí a tàn jẹ ni ó pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ìlú létí, ẹrù ńlá ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ó máa sọ fún ènìyàn pé eré ni, kí ó sì tún un sọ. Ẹni tí ó gbọ́ náà, kí ó fi ẹnu tàbí kálámù bínú, kí ó má fi iná bínú.

8. Ohun tí a rí kọ́

Ayé ti yí padà láti 1938, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Lónìí, kì í ṣe rédíò nìkan ni ń sọ̀rọ̀ sí wa létí. Ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ ń wọlé sórí tẹlifóònù wa láàárọ̀ lálẹ́: àrùn dé, ọmọ kan sọnù, báǹkì fẹ́ tì pa, ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn kan jẹ́ òótọ́. Àwọn kan jẹ́ eré. Àwọn kan jẹ́ irọ́ burúkú. Kí a tó gbé ẹsẹ̀, kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè wọ̀nyí:

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ṣé mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀?
Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ ọ́? Níbo ni wọ́n ti sọ ọ́?
Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí mo bá fi ọpọlọ gbé e yẹ̀ wò?
Ta ni ó tún sọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni yìí?
Ṣé ohun tí mo rí ni mo rí, àbí ẹ̀rù ni ó ń sọ ọ́ fún mi?

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti èsì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé ní láti bẹ akọ̀wé kí ó bá òun kọ lẹ́tà. Nísinsìnyí, ẹ̀yin fúnra yín lè kọ ọ́. Bí eré orí rédíò bá dùn mọ́ yín, ẹ kọ̀wé kí ẹ sọ ọ́. Bí ó bá bí yín nínú, ẹ kọ̀wé kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́, ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ eré yín ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá. Ó dùn mọ́ èmi àti àwọn ará ilé mi. Ṣùgbọ́n àárín eré ni ìyá wa wọlé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo iná, wọ́n ṣe bí ọjà ni ó ń jó, àyà wọn já púpọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín eré pé eré ni. Ẹ má sì dá eré náà dúró o. À ń retí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́.

Ẹ rí i pé lẹ́tà yìí kò gùn. Ó yìn, ó sì bá wọn wí. Ẹni tí ó bá rí i gbà yóò mọ ohun tí ó kàn láti ṣe. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó wà nídìí rẹ̀, ènìyàn sì lè ka lẹ́tà.

Ìbéèrè

1. Ọjọ́ wo, oṣù wo àti ọdún wo ni wọ́n ṣe eré náà ní New York?
2. Ta ni Wells? Ta ni Welles?
3. Kí ni ó dé tí àwọn kan kò fi mọ̀ pé eré ni?
4. Ẹnìkan rí ọkọ̀ púpọ̀ lójú títì, ẹlòmíràn kò rí ọ̀kan. Kí ni ó dé tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rù?
5. Kí ni ìwé kíkà ṣe fún àwọn tí ó wo ètò rédíò nínú ìwé ìròyìn?
6. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èsì àwọn ará Quito àti ti àwọn tí ó kọ lẹ́tà ní Amẹ́ríkà?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á mọ̀

Àròsọ: ìtàn tí ènìyàn fi ọgbọ́n inú gbé kalẹ̀, tí kò ṣẹlẹ̀.
Ìpayà: ẹ̀rù tí ó bá ènìyàn lójijì.
Ẹ̀rí: ohun tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òtítọ́.
Ìpolówó ọjà: ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò ń sanwó fún kí ènìyàn lè ra ọjà rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ gbọ́ eré kan lórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́wàá sí àwọn tí ó ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́ sókè, ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀. Ẹ kà á sókè fún ẹnìkan nínú ilé kí ẹ tó fi ránṣẹ́.